Ṣéènì katapílà tó ń yọ léraléra: ẹ wádìí ohun tó ń lé e jáde kí ẹ tó dá a padà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mo ra Caterpillar D6C àgbà kan lọ́wọ́ ẹni tó ti fi ṣiṣẹ́ ọ̀nà rí. Oko kòkó bàbá wa tó ti gbó, lápá Ẹfọ̀n Aláayè, ni mo ń fi í hú. Ṣéènì irin tó fi ń rìn, ti ọwọ́ òsì, yọ lóṣù tó kọjá, a fi jáàkì àti kóróbà, ọ̀pá irin gbọọrọ yẹn, dá a padà. Ó tún ti yọ báyìí, nígbà tí ọmọ tó ń wà á ń fi ẹ̀yìn rìn tó sì fẹ́ yí i lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ó ti kúrò lórí kẹ̀kẹ́ irin iwájú, ó sùn sápá inú, ṣùgbọ́n ó ṣì wà lára eyín ẹ̀yìn. Mẹkáníìkì kan ní ká fi gáàsì gé e, ká dá a sípò, ká wá jó o pọ̀. Èkejì ní ká kàn fún un kó le gan-an, kò ní yọ mọ́. Ta ni ká gbọ́ tiẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má gbọ́ ti ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì. Ẹni tó ní kí ẹ gé e fẹ́ bá yín ba ṣéènì tó ṣì lè ṣiṣẹ́ jẹ́. Ẹni tó ní kí ẹ fún un kó le ń rán yín lọ ra sprocket (eléyín ẹ̀yìn) tuntun láìpẹ́. Ohun tó yẹ kó ká yín lára ni pé ó yọ lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù méjì, ẹsẹ̀ kan náà sì ni. Ṣéènì katapílà lè ṣèèṣì yọ lẹ́ẹ̀kan, bí ó bá gun kùkùté tàbí òkúta. Kì í ṣèèṣì lẹ́ẹ̀mejì. Dídá a padà kò ju iṣẹ́ ọjọ́ kan lọ fún ẹni mẹ́ta tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n bí ẹ bá sáré dá a padà kí ẹ tó wo ohun tó lé e jáde, ẹ ti fọwọ́ ara yín pa ẹ̀rí rẹ́.

Kí a lè jọ gbọ́ ara wa: idler ni kẹ̀kẹ́ irin ńlá iwájú yẹn, sprocket ni eléyín ẹ̀yìn tí ẹ́ńjìnnì ń yí. Rólà ìsàlẹ̀ ni àwọn tí gbogbo ìwúwo ń gùn lórí ṣéènì, rólà òkè ni èyí tó gbé ṣéènì dúró kó má baà sọ̀ kalẹ̀ lé fúréèmù, irin gígùn tó gbé gbogbo wọn dání.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tó dúró sí. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń wa katapílà kò mọ̀. Bíréèkì D6C kì í di ilẹ̀ mú. Ọ̀pá tó ń yí sprocket ló ń dì mú, sprocket á di ṣéènì mú, ṣéènì ló wá ń di ilẹ̀ mú. Bí ṣéènì bá bọ́ kúrò lára sprocket, ẹsẹ̀ yẹn kò ní bíréèkì mọ́ rárá, bó ti wù kí ẹ tẹ̀ ẹ́ tó, katapílà náà á wá dà bí ẹni pé ó dúró nígbà tó jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ń dì í mú lórí òkè. Tiyín ṣì wà lára eyín, ẹ dúpẹ́. Ẹ sọ bíléèdì kalẹ̀ kó wọlẹ̀ dáadáa, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ ti bíréèkì pa, kí ẹ sì fi gẹdú dí ẹsẹ̀ ọ̀tún níhà ìsàlẹ̀ òkè.

Ẹ má fi jáàkì gbé e lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Tí ẹsẹ̀ tó yọ bá wà ní apá òkè, bí ẹ ṣe ń gbé e ni ẹ ń mú kó dà sí ìsàlẹ̀. Tó bá wà ní apá ìsàlẹ̀, orí jáàkì kan ṣoṣo ni gbogbo ìwúwo máa wà, ohun tí a sì ń sọ yìí ju tọ́ọ̀nù 10 lọ. Ẹ wá katapílà mìíràn kó fà á díẹ̀díẹ̀, ní tààrà, láìyí, dé ibi tó tẹ́jú. Bí kò bá sí èyí, ẹ kó àwọn ọmọ tó lágbára jọ kí wọ́n fi ṣọ́bìrì àti dígà gé ilẹ̀ apá òkè títí yóò fi tẹ́jú lábẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni, pàápàá lápá Ẹfọ̀n tí òkúta kì í jìnnà sílẹ̀. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ náà.

Kí ẹ tó gbá ẹrẹ̀ kan kúrò, ẹ fi fóònù ya gbogbo ẹ̀gbẹ́ náà. Ẹ wo ẹ̀yìn idler, lára fúréèmù: ṣé gíríìsì tútù wà níbẹ̀ tí erùpẹ̀ ti lẹ̀ mọ́? Ẹ wo etí àwọn rólà ìsàlẹ̀: ṣé apá inú ń dán ju apá òde lọ? Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ idler bákan náà. Irin tó ń dán níbi tí kò yẹ kó dán ló ń sọ ibi tí ṣéènì ti ń fara ha á tipẹ́tipẹ́ kó tó bọ́.

Ẹ ní ẹ̀yìn ló ń rìn nígbà tó yọ. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo dì mú jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ. Tí katapílà bá ń lọ síwájú, láti ilẹ̀ níbi tí ṣéènì ti ń gbéra lẹ́yìn ni sprocket ti ń fà á. Apá òkè á dẹ̀. Tó bá ń fi ẹ̀yìn rìn, apá òkè ni sprocket ń fà, ó ń fà á yí idler ká láti iwájú, gbogbo agbára yẹn sì ń ti idler padà sẹ́yìn. Kí ló ń di idler dúró? Sípíríìngì ńlá tó wà nínú fúréèmù ni, pẹ̀lú sílíńdà gíríìsì tó wà láàárín wọn. Bí gíríìsì bá ń jò níbi síìlì (ohun tó ń dí i kó má jò), tàbí sípíríìngì ti ṣẹ́, idler á sún sẹ́yìn, ṣéènì á dẹ̀ lójijì, nígbà tí wọ́n bá sì wá yí katapílà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìwúwo á ti ṣéènì sẹ́gbẹ̀ẹ́, á gun etí rólà, á bọ́. Ìdí nìyí tí ọkàn mi fi lọ sọ́dọ̀ síìlì sílíńdà yẹn kí n tó ronú kan ohunkóhun mìíràn. Ó tún lè ṣàlàyé ìdí tó fi yọ lẹ́yìn oṣù kan péré: ẹ fa gíríìsì sí i nígbà yẹn, ó le, ó ń jò díẹ̀díẹ̀, ó tún dẹ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká dá a padà.

Ẹ gbá ẹrẹ̀ kúrò láàárín rólà àti lẹ́yìn idler. Amọ̀ pupa wa, tó bá ti gbẹ mọ́ gbòǹgbò, dígà àti omi ló ń gbọ́, ṣọ́bìrì kò lè dá a ṣe. Òkúta kan tó há sẹ́yìn idler lè mú kí ẹ máa jà pẹ̀lú gíríìsì títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Lẹ́yìn náà, ẹ tú ṣéènì. Ìdérí irin kékeré kan wà lára fúréèmù. Ẹ ṣí i, ẹ ó rí orí méjì: ibi tí a ń fi gíríìsì gọ́ọ̀nù sí, àti fáàfù tí gíríìsì ń gbà jáde. Fáàfù nìkan ni kí ẹ fọwọ́ kàn. Ẹ tú u pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó má kọjá yíyí kan, kí ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ojú àti ọwọ́ jìnnà sí ihò náà. Agbára tó wà lẹ́yìn gíríìsì yẹn lè tì í la awọ ara wọlé. Bí ó bá wọ ọwọ́ ẹnikẹ́ni, ojú ibi tó gbà wọlé lè kéré débi pé ẹni náà á ní kò sí nǹkan kan. Ẹ má fi àdí pa á kí ẹ ní ó di ọ̀la. Ilé ìwòsàn ńlá ní Adó ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé gíríìsì ló wọ ara, nítorí iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sábà máa ń fi yọ ọ́, ìka tí wọn kò bá sì tọ́jú lásìkò lè lọ.

Tí gíríìsì kò bá jáde, ẹ má yọ fáàfù náà tán. Ẹ fi igi àti kóróbà ti idler sẹ́yìn, ẹ mi ṣéènì, á jáde. Ọ̀pọ̀ katapílà tó dàgbà ju D6C lọ kò ní gíríìsì níbẹ̀ rárá, nọ́ọ̀tì ńlá ni wọ́n ń tú, tiyín kò sí nínú wọn. Sípíríìngì náà ńkọ́? Ẹ má ṣí ilé rẹ̀. Agbára ọ̀pọ̀lọpọ̀ tọ́ọ̀nù ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ pa sínú ibẹ̀. Ẹni tó bá tú bóòtì tó dì í mú láìní ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe é, irin yẹn lè pa á lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá tiẹ̀ rí i pé ó ti ṣẹ́, ilé iṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ ni kí ẹ gbé e lọ.

Gbígbé e sókè: bí bíléèdì bá jẹ́ ti hydraulic, èyí tí agbára ọ́ìlì ń gbé, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, iwájú á gbéra. Bíléèdì oníwáyà àtijọ́ kò lè ṣe èyí. Lẹ́yìn, ẹ lo jáàkì tọ́ọ̀nù 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó jókòó lórí gẹdú fífẹ̀. Búlọ́ọ̀kù ilé kò wúlò níbẹ̀, fífọ́ ló máa ń fọ́. Bó bá ti gbéra tó kí ṣéènì lè yí láìkan ilẹ̀ pa, ẹ to gẹdú sábẹ́ ibi tó nípọn lára rẹ̀, ẹ má tò ó sábẹ́ agbada epo ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì sọ ìwúwo kalẹ̀ lé igi. Ohun tí bíléèdì tàbí jáàkì nìkan bá gbé dúró, kí ẹnikẹ́ni má ti orí sábẹ́ rẹ̀.

Ibi tí ọgbọ́n wà nìyí. D6C ní kílọ́ọ̀ṣì fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí ẹni tó jókòó sókè fa lífà ọwọ́ ọ̀tún kí kílọ́ọ̀ṣì ọ̀tún lè tú, kó sì tẹ bíréèkì ọ̀tún. Ẹsẹ̀ ọ̀tún á dúró gbagidi, òsì nìkan ni ẹ́ńjìnnì á máa yí. Tí ó bá ń yí síwájú, apá òkè ṣéènì ń rìn lọ sórí idler. Nítorí náà, kí ẹ́ńjìnnì tó yí i, ẹ kọ́kọ́ fi kóróbà gbé ṣéènì kó jókòó sórí rólà òkè, kí ẹ tún tì í títí yóò fi bọ́ sórí idler lókè. Ìgbà yẹn ni kí ó fi jíà kìíní síwájú, kí ẹ́ńjìnnì máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́. Á yí díẹ̀, á dúró, ẹ ó tún kóróbà gbé sí, á tún yí. Kí ẹni tó di kóróbà mú ti jáwọ́ kí ó tó yí, kí ìka ẹnikẹ́ni má sì wọ àárín ṣéènì àti idler nítorí ohunkóhun. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa fọwọ́ ṣe àmì fún ẹni tó wà lókè. Àwọn tó kù, kí wọ́n panu mọ́, ariwo “ó kù díẹ̀! ó kù díẹ̀!” yẹn ló ń gé ìka.

Bí ó bá kọ̀, tó há sápá inú tí kò ṣe é tì, a ó ṣí ṣéènì. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gáàsì ti wọlé. Irin ìsopọ̀ ṣéènì jẹ́ irin tí wọ́n ti fi iná ṣe kó le. Bí ẹ bá fi gáàsì gé e, tí wẹ́ẹ́dà wá jó o pọ̀, ibi tí iná kàn á rọ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa sán. Píìnì tó yẹ kó máa yí nínú búùṣì, irin oníhò tó yí i ká, á gan, ìsopọ̀ náà kò ní lè ká yí sprocket mọ́. Ẹ ó tún wà nínú igbó kan náà láìpẹ́, ṣéènì á sì wà nílẹ̀ ní ọ̀nà méjì.

Gbogbo ṣéènì ló ní ibi tí a ti ń ṣí i. Ẹ nu orí àwọn píìnì mọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Píìnì kan wà tí orí rẹ̀ yàtọ̀, tí wọ́n lu ojú kékeré sí àárín rẹ̀ tàbí tí wọ́n sàmì sí. Master píìnì nìyẹn. Lára àwọn ṣéènì tó jẹ́ ìgbàlódé díẹ̀, ìsopọ̀ kan ni wọ́n là sí méjì tí wọ́n fi bóòtì dì, tí ẹ bá sì ní irú rẹ̀ iṣẹ́ dẹrùn. Ẹ yí i títí yóò fi dé iwájú idler, kó wà lágbedeméjì òkè àti ilẹ̀, ẹ fi gẹdú ti abẹ́ ṣéènì níwájú kí ó má baà já lu ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni nígbà tó bá ṣí. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ya àmì sí i kó lè padà bó ṣe wà, torí ṣéènì ní orí àti ìdí. Ẹ wọ gọ́gù, torí irin líle tí ẹ bá fi irin líle lù máa ń ta èérún sí ojú. Òòlù ńlá àti irin gbọọrọ tí kò tóbi tó ojú píìnì ni ẹ ó fi lù ú jáde. Ibi kan ṣoṣo tí mo lè gbà kí gáàsì wọlé ni bí master píìnì bá kọ̀ jálẹ̀, tí píìnì tuntun sì ti wà lọ́wọ́ yín: kí wọ́n fi iná jó àárín píìnì náà nìkan, kó má kan ìsopọ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nígbà tí píìnì tuntun ṣì wà lójú ọ̀nà láti Èkó.

Ẹ̀wẹ̀, ẹ ti dá a padà, ẹ fẹ́ kó dúró. Ẹ fa gíríìsì sí i títí yóò fi ní ìdẹ̀ tó yẹ. Ẹ wá irin tàbí pákó tó tọ́ gbọnrangandan, ẹ gbé e lé orí ṣéènì láti idler dé rólà òkè, ẹ wọn àlàfo tó wà ní àárín: íǹṣì 1 sí íǹṣì 1½ dára fún D6C. Kí ẹ wọn ọ́n nígbà tó ti ṣiṣẹ́ díẹ̀ tí ẹrẹ̀ ibi iṣẹ́ sì wà lára rẹ̀, torí ẹrẹ̀ tó kún inú sprocket fúnra rẹ̀ máa ń fa ṣéènì le. Ṣéènì tí ẹ bá fún kó le nínú ọgbà tó gbẹ, nínú òjò oṣù kẹsàn-án á máa fọ́ búùṣì, á máa jẹ eyín sprocket, á máa gba agbára ẹ́ńjìnnì tí ẹ fẹ́ fi hú igi. Mẹkáníìkì yín kejì kò purọ́ pé ó lè má yọ. Ohun tí yóò ná yín ni kò sọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan láti orí ibi tó gbé idler mú sí orí fúréèmù. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ọjọ́ kan, kí ó máa lọ síwájú àti sẹ́yìn. Tí apá méjèèjì ìlà náà bá ti yà kúrò lára wọn, tí idler ti sún sẹ́yìn, síìlì ni. Kíìtì síìlì kò wọ́n, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju ọjọ́ kan. Bí ìlà kò bá yà, ẹ wá ibòmíràn: irin tó ń tọ́ idler sọ́nà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, bóyá ó ti jẹ débi pé idler ń mì sápá inú; etí rólà ìsàlẹ̀, bóyá wọ́n ti tinrín; àti ọ̀pá tó so fúréèmù òsì mọ́ ara katapílà, bóyá ó ti tẹ̀ tàbí búùṣì ibi tó so mọ́ ti jẹ. Ẹ dúró níwájú, jìnnà díẹ̀, kí ẹ fojú tọ́ idler, rólà àti sprocket. Ojú yín nìkan á fi ìyàtọ̀ hàn yín bí fúréèmù bá ti yà.

Ṣéènì fúnra rẹ̀ ni mo fi sí ìkẹyìn. Lára D6C, láti píìnì kan sí èkejì, íǹṣì 8 ni nígbà tó wà ní tuntun. Ẹ fi píìnì àtijọ́ kan há àárín eyín sprocket àti ṣéènì, ẹ fi ẹ̀yìn yí i díẹ̀ kí apá òkè le, ẹ wá wọn ìsopọ̀ mẹ́rin, láti etí píìnì kan dé etí kan náà lára píìnì karùn-ún, kí master má sí láàárín wọn. Íǹṣì 32 ni tuntun. Bó bá ti ń sún mọ́ 33, ó ti tán. Irin náà kò fà. Inú búùṣì àti ara píìnì ló ti jẹ, gẹ́gẹ́ bí ti ṣéènì kẹ̀kẹ́ ológeere, tí yóò sì máa fo eyín. Láàárín 32 sí ibẹ̀, bí ara òde búùṣì kò bá tíì tinrín jù, ilé iṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ títẹ ṣéènì lè yọ píìnì àti búùṣì, kó yí wọn padà sí ẹ̀gbẹ́ tí kò tíì jẹ, ẹ ó sì tún rí i lò. Àwọn kan á ní kí ẹ yọ ìsopọ̀ kan kúrò kí ó lè kúrú. Bí èékà tó kù kò bá pọ̀, ẹ lè ṣe é, mi ò ní bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí rẹ̀ ra sprocket tuntun, torí ṣéènì tó ti jẹ á jẹ sprocket tuntun náà láìpẹ́.

Ó ku ọmọ tó ń wà á. Kí ó máa gun òkè kí ó sì máa sọ̀ ní tààrà, kó wá ibi tó tẹ́jú kó tó yí. Kó má fi ẹ̀yìn yí lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ mọ́. Bí kùkùté bá kọ̀, kó gbé bíléèdì, kó tún un gbà láti ẹ̀gbẹ́ mìíràn, kó yé fi ẹsẹ̀ kan dúró kó máa fi èkejì jà. Kó sì máa pààrọ̀ ọwọ́ tó fi ń yí, torí ẹni tó bá ń yí sí òsì nígbà gbogbo, ẹsẹ̀ kan ló ń jẹ níyà.

Ẹ wọn ìsopọ̀ mẹ́rin ní ẹsẹ̀ òsì, kí ẹ wọn ti ọ̀tún náà, kí ẹ fi iye méjèèjì ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú àwòrán eyín sprocket láti ẹ̀gbẹ́ àti ti ìlà ṣọ́ọ̀kì yẹn lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́ kan. Mà á sọ fún yín bóyá kí ẹ yí píìnì àti búùṣì padà, àbí síìlì nìkan ni owó yín máa lọ sí.